Ìjókòó Apá Òsì Nínú Jíìpù

Ìkòtún, Ọjọ́ Àìkú, 14 Oṣù Kẹsàn-án, 1975

Ààwẹ̀ di mẹ́jọ lónìí. Òjò ò dá láti ìdájí. Sàkàrìyáù, ọmọ ilé wa tó ń kó obì láàárín Ògbómọ̀ṣọ́ àti Agége, yà sọ́dọ̀ wa, ó fi lẹ́tà kan lé Màámi lọ́wọ́. Èmi ni mo kà á fún wọn. Ẹ̀gbọ́n wọn, Àdíját, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ló ní kí ẹnì kan bá òun kọ ọ́. Ojú òsì ti lọ pátápátá, ọ̀tún ló kù, òun náà sì ti ń ṣú lọ. Mo da ibi tó dùn mí jù kọ síhìn-ín bó ṣe wà:

"Mọ̀dínátù, bí o bá máa wá, wá nígbà tí mo ṣì lè rí ọ. Iléyá yìí ni mo fojú sí. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohùn rẹ nìkan ni yóò kù fún mi."

Màámi ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Wọ́n ní ó dáa, wọ́n dìde, wọ́n lọ bu omi àlùwàlá nígbà tí àsìkò ìrun ò tíì tó.

Mo mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Ọdún méje rèé tí wọn ò tíì gbé ẹsẹ̀ wọ ọkọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀ wá bá mi gbé ní Èkó ni bọ́ọ̀lẹ̀kájà, ọkọ̀ akérò onípákó, tí wọ́n wọ̀ dojú dé nítòsí Odò Ọ̀bà. Awakọ̀ ń du láti kọjá lọ́rì kan, ó sì pàdé òmíràn níwájú. Èèyàn mẹ́ta kú. Àwọn ará ọ̀nà ló rọ̀ wọ́n wọ ọkọ̀ mìíràn délé mi, wọ́n sì ní ìyẹn ni ìgbẹ̀yìn. Láti ìgbà náà, ibi tí ẹsẹ̀ wọn ò bá lè gbé wọn dé, wọn ò débẹ̀. Wọ́n ń rìn lọ sí Ìjẹ́gùn, wọ́n ń rìn lọ sí Ìgándò. Wọ́n rìn lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, wọ́n sì rìn padà lọ́jọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ṣe Ìṣẹ̀rí.

17 Oṣù Kẹsàn-án

Owó Údójì tí ìjọba fi kún owó oṣù ṣì ń jẹ́ kí iṣẹ́ pọ̀ fún àwa tí ń tún aago ṣe. Àwọn tí kò ní aago rí ti ní in báyìí, wọ́n sì ń wọ̀ ọ́ wẹ̀. Méje ni mo tú lónìí tí omi ti wọ inú rẹ̀.

20 Oṣù Kẹsàn-án

Bàbá Ọládòṣù tó ni ilẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù mi wà ti ta ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé ìjọsìn wọn, wọ́n ti ra Píjò tuntun. Wọ́n ní jíìpù àwọn àtijọ́ wà fún títà. Mo ti mọ jíìpù náà tipẹ́. Àwọn òyìnbó tó ń wọn ilẹ̀ ló kọ́kọ́ ni ín. Ó ga, ó fẹ̀, ó ní àwọ̀ ewé. Èèyàn mẹ́ta lè jókòó níwájú, mẹ́ta láàárín, mẹ́rin sì lè kọjú síra wọn lẹ́yìn. Báyìí adìẹ ló ń yé sí ìjókòó ẹ̀yìn.

Mo wò ó, èrò kan sì wọ inú mi. Bóyá bọ́ọ̀lẹ̀kájà ni Màámi ń bẹ̀rù, ìfúnpọ̀ rẹ̀ àti pákó rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá tóbi tó báyìí, tó sì jẹ́ ti ọmọ wọn, ṣé wọn ò ní wọ̀ ọ́? Iléyá ku oṣù mẹ́ta.

21 Oṣù Kẹsàn-án

Mo lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ki gíláàsì tí mo fi ń wo inú aago bọ ojú, mo wo súkúrúù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ lórí àpò sìmẹ́ńtì. Mo fi orí igi kan ti ẹ́ńjìnnì, mo fi orí kejì ti etí, mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Bàbá Ọládòṣù jókòó sórí àpótí, wọ́n ń wò mí.

"Ràímì, ṣé aago lo fẹ́ rà ni àbí ọkọ̀?"

Mo ní kò sí ìyàtọ̀, ohun tó bá ń yí, mo fẹ́ mọ ohun tó ń yí i. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

22 Oṣù Kẹsàn-án

Mo tún lọ. Àbùkù mọ́kànlá ni mo rí lápapọ̀, mo sì kọ wọ́n sílẹ̀: rédíétọ̀ ń jò díẹ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ò tì, iná òsì ti kú, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà mo jókòó sídìí sítíárìn, inú mi sì dùn. Gbogbo nǹkan wà níbi tí ara mi mọ̀ ọ́n sí láti ọdún 1964 tí mo ti ń wa ọkọ̀ ọjà fún ọ̀gá mi ní Ìdúmọ̀tà: fèrèsé lápá ọ̀tún mi, jíà lọ́wọ́ òsì. Ọdún mẹ́wàá rèé tí mi ò ti wa ọkọ̀, àmọ́ ó dà bíi pé àná ni.

27 Oṣù Kẹsàn-án

Mo ti rà á. Ọ̀ọ́dúnrún náírà ó lé ọgọ́rin. Mo fi àbùkù mọ́kànlá náà já owó rẹ̀ wálẹ̀, Bàbá Ọládòṣù ò sì jà rárá. Nùsírátù ìyàwó mi ní ìyẹn gan-an ló ń ba òun lẹ́rù, pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ó tún bi mí bóyá mo ti bi Màámi kí n tó rà á. Mo ní màá bi wọ́n. Ó wò mí, ó sì padà sídìí ẹ̀kọ tó ń pọ́n.

6 Oṣù Kẹwàá

Ìtúnu ààwẹ̀. Oòrùn yọ, ṣùgbọ́n ẹrọ̀fọ̀ ṣì pọ̀. Gbogbo wa múra, a kó sínú jíìpù láti lọ sí Yídì. Ọmọ márùn-ún, Nùsírátù, èmi, àti àwọn ará ilé wa méjì. Ìjókòó iwájú ni mo fi sílẹ̀ fún Màámi, mo tẹ́ aṣọ sí i.

Wọ́n jáde, wọ́n rìn yí ọkọ̀ náà ká lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n fi ọwọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Wọ́n ní, "Ó tóbi. Ọlọ́run á fi ṣe àǹfààní fún ọ." Lẹ́yìn náà wọ́n ṣí agbòòrùn, wọ́n mú ọ̀nà pọ̀n.

Mo ń wa ọkọ̀ tẹ̀ lé wọn díẹ̀díẹ̀, àwọn ọmọ ń ké pè wọ́n láti ojú fèrèsé. Nígbà tí a dé ẹ̀gbẹ́ kòtò omi, jíìpù kú. A tì í, kò dáhùn. Màámi ló kọ́kọ́ dé Yídì nínú gbogbo wa.

Ó dùn mí. Mo kà á sí ohun ẹ̀rín lójú àwọn ọmọ, àmọ́ ó dùn mí gan-an.

12 Oṣù Kẹwàá

Mo tú kàbúrétọ̀. Mo tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, mo to gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ní títẹ̀léra bí a ṣe ń to ẹ̀yà aago. Ohun àrà ni. Ihò kan wà nínú rẹ̀ tí kò tó ojú abẹ́rẹ́, ibẹ̀ ni epo gbogbo ọkọ̀ ńlá yìí ń gbà. Kí ló dé tí ohun tó tóbi tó báyìí fi ń mu epo láti inú ihò tó kéré tó bẹ́ẹ̀? Mo gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán.

Mo tò ó padà. Sípíríǹgì kan ṣẹ́kù lórí aṣọ.

13 Oṣù Kẹwàá

Mo lọ pe Festus, mẹkáníìkì tó wà ní ìkóríta Ẹ̀gbẹ́dá. Ó wo sípíríǹgì náà, ó wò mí. Ó ní, "Ọ̀gá Aláago, ẹ jọ̀ọ́, aago tó bá kú, ẹni tó wọ̀ ọ́ á pẹ́ dé ibi iṣẹ́ ni. Ti ọkọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀." Lẹ́yìn náà ó jẹ́ kí n dúró tì í nígbà tó ń tún un tò, ó sì dáhùn gbogbo ìbéèrè mi títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Mo bi í ìdí tí ọ̀pá jíà fi jẹ́ méjì. Ó ní ọ̀pá kékeré yẹn ló ń jẹ́ kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ máa fà lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

25 Oṣù Kẹwàá

Lọ́rì gbágùúdá kan rì sínú ẹrọ̀fọ̀ lójú ọ̀nà Ìgándò, ọ̀nà sì dí láti àárọ̀. Mo so okùn mọ́ ìdí jíìpù, mo ti ọ̀pá kékeré sísàlẹ̀, ó sì fà á jáde bí ẹni yọ iṣu. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Awakọ̀ fi gbágùúdá ẹ̀kún agbọ̀n kan tọrẹ.

Màámi ń ti Ìgándò bọ̀, ẹrù lórí wọn. Wọ́n ti dúró, wọ́n ti wò ó tán. Nígbà tí mo délé, wọ́n bi mí pé, "Ta ló ń sọ fún táyà iwájú pé kó ran ti ẹ̀yìn lọ́wọ́?"

Mo yàwòrán rẹ̀ sórí ilẹ̀ fún wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń wò ó, wọ́n bi mí ní ìbéèrè mẹ́rin. Mo wá mọ ibi tí mo ti jogún tèmi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kí wọ́n kàn wọlé jókòó sínú rẹ̀ kí n fi ọ̀pá náà hàn wọ́n, wọ́n ní iná ọbẹ̀ àwọn ń jó.

2 Oṣù Kọkànlá

Kò sí bẹntiróòlù. Mo tò láti ìdájí títí di ìrọ̀lẹ́ ní Ìpàjà, ó ku èèyàn méjì kó kàn mí, ó tán. Orílẹ̀-èdè tó ń ta epo fún gbogbo ayé. Mo fẹ́ kí ẹnì kan ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí Festus ṣe ṣàlàyé ọ̀pá jíà.

8 Oṣù Kọkànlá



Mo ní kí n gbé ọkọ̀ náà dé Ọ̀tà kí n mọ bó ṣe máa ṣe lójú ọ̀nà jíjìn. Láti ìgbà tí mo ti rà á, Ìkòtún, Ìgándò, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìpàjà nìkan ni mo ti wà á. Níbẹ̀, àárín ọ̀nà ni gbogbo wa ń gbà, ìgbà tí nǹkan bá ń bọ̀ la máa ń yà sínú koríko. Mo kọjá Agége, mo bọ́ sójú ọ̀dà. Tánkà epo kan wà níwájú mi, ó ń wọ́ lọ. Mo fẹ́ kọjá rẹ̀. Mo na ọrùn láti wo iwájú, koríko ẹ̀bá ọ̀nà nìkan ni mo rí. Mo tún na ọrùn, ìdí tánkà nìkan ni. Mo wá ya ọkọ̀ sí òsì díẹ̀ kí n lè rí iwájú. Kí n tó rí nǹkan kan, gbogbo iwájú jíìpù ti wà lójú ọ̀nà àwọn tó ń bọ̀, lọ́rì kan sì ń bọ̀ wá bá mi. Mo já a padà. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, atẹ́gùn rẹ̀ mi jíìpù.

Mo dúró sẹ́bàá ọ̀nà. Mo jókòó síbẹ̀ títí òógùn ara mi fi gbẹ. Ìgbà náà ni ó yé mi.

Láti oṣù kẹrin ọdún 1972 tí ìjọba ti pa á láṣẹ, apá ọ̀tún ni gbogbo wa ń gbà. Ọkọ̀ tí wọ́n ń kó wọlé láti ìgbà náà, apá òsì ni sítíárìn rẹ̀ wà, kí awakọ̀ lè wà láàárín ọ̀nà, kó sì máa rí iwájú. Tèmi wà lápá ọ̀tún, ti ayé àtijọ́. Ẹ̀gbẹ́ kòtò ni mo jókòó sí. Ẹni tó bá jókòó sí òsì ló ń rí ọ̀nà, èmi tí mo di ọkọ̀ mú ò rí i.

Ọjọ́ méjì ni mo fi ki gíláàsì bọ ojú. Àbùkù mọ́kànlá ni mo kọ sílẹ̀.

9 Oṣù Kọkànlá

Mo sọ fún Festus. Ó ní, "Mo rò pé ẹ mọ̀ ni o. Ta ni kò ní rí sítíárìn?" Mo bi í bóyá a lè gbé e sí òsì. Ó ní ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n iye tó máa gbà á ju owó ọkọ̀ lọ, irin rẹ̀ ò sì sí nílẹ̀.

Mo lọ sọ́dọ̀ Bàbá Ọládòṣù. Wọn ò bínú, wọn ò sì fi mí ṣẹ̀sín. Wọ́n ní, "Ìdí tí mo fi tà á nìyẹn, Ràímì. Mo rò pé o ti kà á mọ́ mọ́kànlá yẹn." Wọ́n bu omi fún mi. Ibi tí ojú mi ti ń fò ó ni mo ń wá kiri nínú ọkàn mi, mo sì ti rí i: nítorí pé ó wà níbi tí mo mọ̀ ọ́n sí, mi ò wò ó.

10 Oṣù Kọkànlá

Mi ò ṣí ṣọ́ọ̀bù.

15 Oṣù Kọkànlá

Festus ní àwọn tó ń wa irú rẹ̀ máa ń ní ojú kejì, ẹnì kan tó máa jókòó sí òsì, táá máa sọ ìgbà tí ọ̀nà mọ́. Mo mú Nùsírátù lọ sójú ọ̀nà Agége. Kẹ̀kẹ́ kan wà níwájú wa.

Nùsírátù ní, "Ó mọ́." Mo tẹná. Ó ní, "Rárá, dúró." Mo tẹ búréèkì. Ó ní, "Mo ní ó mọ́ kẹ̀, ẹ lọ." Nígbà yẹn ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ ti sọ̀ kalẹ̀, ó dúró sẹ́bàá ọ̀nà, ó ń wò wá.

Nígbà tí a délé ó ní kí n má bínú, òun lè bá mi jẹ gbèsè, òun lè bá mi jẹ gbágùúdá, ṣùgbọ́n òun ò lè gbé ẹ̀mí ọmọ márùn-ún ka ẹnu òun. Mi ò rí i bá wí. Fọlákẹ́, àkọ́bí wa, ní òun á ṣe é. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni.

18 Oṣù Kọkànlá

Sàkàrìyáù tún dé. Ìyá Àgbà ò dá èèyàn mọ̀ nínú ilé mọ́. Àfi lójú oòrùn, ní òwúrọ̀, bí ẹni náà bá súnmọ́ wọn dáadáa. Màámi gbọ́ ọ. Wọ́n bi Sàkàrìyáù pé ọjọ́ mélòó ni ó máa gba ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn láti ibí dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ó rò pé eré ni wọ́n ń ṣe, ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, mo mọ̀ pé wọ́n fẹ́ mọ̀ ọ́n ni.

21 Oṣù Kọkànlá

Màá kọ tòní yékéyéké.

Lẹ́yìn ìrun àsárì, mo ń sọ fún Nùsírátù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé màá ta jíìpù náà fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ fi kó igi ìdáná. Màámi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Wọn ò gbé ojú sókè.

"Ẹni tó bá jókòó sí òsì yẹn, òun ló máa sọ fún ọ pé kí o kọjá?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Bó bá ní kí o má kọjá ńkọ́?"

"Mi ò lè kọjá, Màámi. Mi ò rí nǹkan kan níbi tí mo wà."

"Bí inú bá ń bí ọ ńkọ́? Bí ilẹ̀ bá ń ṣú?"

"Bí inú tilẹ̀ ń bí mi. Àfi kí n dúró."

Wọ́n gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí wọn ò sọ rí láti ọdún méje. Wọ́n ní ní ọjọ́ Odò Ọ̀bà, ẹ̀gbẹ́ pákó ni àwọn jókòó sí, àwọn sì rí lọ́rì tó ń bọ̀ náà kí awakọ̀ tó rí i. "Mo rí i. Mo pariwo. Ìyá kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pariwo. Gbogbo wa pọ̀, a pariwo. Kò gbọ́ wa, nítorí kò nílò wa fún nǹkan kan." Wọ́n mú ẹyọ ẹ̀wà kan, wọ́n wò ó, wọ́n jù ú nù. "Kì í ṣe ọkọ̀ ni mò ń bẹ̀rù, Ràímì. Ẹni tí kò ní gbọ́ ni."

Wọ́n gbé àwo ẹ̀wà padà sórí itan. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Òsì yẹn lèmi máa jókòó sí."

Ojú tì mí. Èmi tí mò ń bi gbogbo sípíríǹgì léèrè ọ̀rọ̀, ọdún méje ni mo fi gbà pé mo mọ ohun tó ń ba ìyá mi lẹ́rù, mi ò sì bi wọ́n rí. Mo ra odindi jíìpù nítorí ìbéèrè kan tó yẹ kí n bi wọ́n ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

23 Oṣù Kọkànlá

Màámi wọ ọkọ̀. Wọ́n ka bisimilláì, wọ́n di irin iwájú mú, wọ́n gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé. Gbogbo àdúgbò jáde. A lọ sí Ìdímù, a sì padà.

Wọ́n le ju ọlọ́pàá lọ. Ewúrẹ́ kan dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ní kò mọ́. Kẹ̀kẹ́ kan wà níwájú wa láti ìkóríta títí dé ọjà, wọ́n ní kò mọ́. Mo ní, "Màámi, kẹ̀kẹ́ ni o." Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn ò tíì rí ẹ̀yìn òkè tó wà níwájú rẹ̀. Àsìkò tí a fi dé Ìdímù, ẹsẹ̀ wọn ì bá ti gbé wọn débẹ̀.

30 Oṣù Kọkànlá

A ti lọ sí Agége lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ti mọ bí ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti òkèèrè ṣe máa ń súnmọ́ni, wọ́n ní èyí tó tan iná máa ń yára ju bó ṣe rí lójú lọ. Wọ́n ń bi mí ìdí rẹ̀, mi ò mọ̀ ọ́n. Ọyẹ́ ti dé, ètè gbogbo wa ti là. Festus pààrọ̀ rọ́bà rédíétọ̀, ó ní kí n gbé garawa omi méjì dání.

11 Oṣù Kejìlá

Bẹntiróòlù kún. Táyà àpòjù wà lẹ́yìn. Àgbò tí a rà wà nílé Sàkàrìyáù, yóò bá ọkọ̀ obì lọ. Màámi ti di ẹrù wọn tán láti àná. Wọ́n bi mí bóyá àwọn lè fi ojú rí Odò Ọ̀bà láti ìjókòó yẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní ó dáa.

Ògbómọ̀ṣọ́, 12 Oṣù Kejìlá

A kírun ìdájí, a gbéra. A gba Ọ̀tà, Abẹ́òkúta, Ìbàdàn. Ọ̀nà kún fún àwọn tó ń lọ sílé ọdún. Gbogbo ọkọ̀ ló kọjá wa. Bọ́ọ̀sì kọjá wa, takisí kọjá wa, ọkọ̀ tó kó àgbò kọjá wa, àwọn àgbò náà sì ń wo ẹ̀yìn, wọ́n ń wò wá. Àwọn ọmọ kọ́kọ́ ń kà wọ́n, nígbà tó yá wọ́n sùn.

Rédíétọ̀ hó ní Ọ̀yọ́. A dúró kó tutù, a da omi sí i. Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tí a tún gbéra. Ohun tí Sàkàrìyáù sọ ni mò ń rò, pé àfi lójú oòrùn. Mo fẹ́ kí a débẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Kété tí a jáde ní Ọ̀yọ́ ni a bọ́ sẹ́yìn lọ́rì iṣu kan. Kò sáré, kò sì dúró. Màámi ní kò mọ́. A tẹ̀ lé e títí, wọ́n ní kò mọ́. Mo ní, "Màámi, ẹ wò ó dáadáa, ilẹ̀ ń ṣú." Mo gbọ́ ohùn ara mi, mo sì mọ̀ pé inú ti ń bí mi. Wọn ò bínú. Wọ́n ní, "A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná." Ọwọ́ mi wà lórí sítíárìn, ẹsẹ̀ mi ń yún mi. Mo dúró sẹ́yìn lọ́rì.

A dé Odò Ọ̀bà lẹ́yìn lọ́rì iṣu yẹn. Mo rí i pé Màámi ń wo ìsàlẹ̀ ọ̀nà, níbi tí koríko wà. Nígbà tí a gun òkè tó wà lẹ́yìn afárá, tí ọ̀nà nà tàntàn, wọ́n na ọrùn, wọ́n wò ó pẹ́.

Wọ́n ní, "Ó mọ́. Kọjá."

Mo kọjá. Òun nìkan ni ọkọ̀ tí a kọjá láti Èkó dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Wọ́n ti pe ìrun mágíríbì nígbà tí a dé agbo ilé. Wọ́n mú Ìyá Àgbà jáde, wọ́n gbé fìtílà wá. Màámi kúnlẹ̀ níwájú wọn. Ìyá Àgbà súnmọ́ wọn, wọ́n gbé fìtílà sókè sápá ọ̀tún, sápá òsì. Wọ́n ní, "Mo gbọ́ ọ, Mọ̀dínátù. Mi ò rí ọ." Màámi sunkún. Èmi náà jáde lọ sídìí jíìpù, mo dúró síbẹ̀, mò ń ro rédíétọ̀, mò ń ro lọ́rì iṣu, mò ń ro wákàtí tí a fi ṣòfò.

13 Oṣù Kejìlá. Iléyá

Oòrùn yọ pupa nínú ọyẹ́. Kí a tó lọ sí Yídì, Màámi di ẹ̀gbọ́n wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n mú wọn jáde sí àgbàlá, wọ́n kọ ojú wọn sí oòrùn. Wọ́n gbé ojú tiwọn súnmọ́ wọn títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Gbogbo wa dúró.

Ìyá Àgbà wò wọ́n. Wọ́n wò wọ́n pẹ́. Wọ́n fi àtàǹpàkò tọ ilà ojú wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ojú wọn sì ń tẹ̀ lé àtàǹpàkò náà.

"Mọ̀dínátù. O ti darúgbó."

Màámi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ìgbànú ẹ̀gbọ́n wọn mú kí wọ́n má baà ṣubú. Ọdún méje ni mi ò ti gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò mọ ibi tí mo lè fi ọwọ́ mi sí.

Nígbà tí a ń wọ jíìpù lọ sí Yídì, Ìyá Àgbà bi wọ́n pé, "Àwọn tó wá láti Èkó ní o ò wọ ọkọ̀ mọ́. Ta ló wá gbé ọ wá?"

Màámi ti jókòó sí òsì, wọ́n fa ẹ̀gbọ́n wọn gòkè sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

"Èmi ni mo gbé ara mi wá. Ọmọ yìí kàn ń bá mi di sítíárìn mú ni."